Ta Ni Ìgbálẹ̀ Ìlú Wà Lọ́wọ́ Rẹ̀?

Ẹ̀yin ọlọ́lá, ẹ̀yin ìjòyè Àkúrẹ́ àti Oǹdó, àti ẹ̀yin ọmọ ìyá wa gbogbo tí ẹ ń ka ìwé yìí ní oṣooṣù, a bẹ̀ yín kí ẹ má bínú sí wa bí ọ̀rọ̀ wa lónìí bá ń rùn díẹ̀. Ẹ̀bi náà kì í ṣe tiwa. Ohun tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí ni ó ń rùn. A ti kọ ọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa èdè wa, nípa oyè, nípa aṣọ àti nípa ìtàn àwọn baba wa, ẹ sì ti yìn wá fún un. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá jáde láti ààfin Déjì, tí ó la ọjà Erékèsán kọjá lọ sí Arákálẹ̀ lẹ́yìn òjò ńlá kan, tí ó sì rí bí gọ́tà ti ń bi ọ̀rá àti ike àti ewé jíjẹrà sí ojú títì, kò ní ṣàì bi ara rẹ̀ léèrè pé irú ìlú wo ni a ń kọ ìtàn rẹ̀ yìí. Bí ó bá sì rìn dé etí odò Àlà, tí ó wo ohun tí omi náà ń gbé lọ, ìbéèrè náà yóò di méjì.

Ta ni ìgbálẹ̀ ìlú wà lọ́wọ́ rẹ̀? A ti bi àwọn ènìyàn ní ìbéèrè yìí ní ìlú méjèèjì. Onílé a máa sọ pé ọwọ́ ìjọba ni. Òṣìṣẹ́ ìjọba a máa sọ pé ọwọ́ àwọn ará ìlú ni, nítorí pé àwọn ni wọ́n ń da ìdọ̀tí sí ibi tí kò yẹ. Obìnrin ọlọ́jà sọ pé òun ń san owó ìsọ̀, ẹni tí ó ń gba owó náà ni kí a lọ bi. Olúkúlùkù ni ó ní ẹjọ́ rere lẹ́nu, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí a bá ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Èrò tiwa ni èyí: láti nǹkan bí 100 ọdún sẹ́yìn ni ìgbálẹ̀ ìlú ti ń pààrọ̀ ọwọ́, láti ọwọ́ ìjòyè sí ọwọ́ wolé-wolé, láti ọwọ́ wolé-wolé sí ọwọ́ ṣọ́jà, láti ọwọ́ ṣọ́jà sí ọwọ́ gómìnà, nígbàkígbà tí ó bá sì pààrọ̀ ọwọ́, ńṣe ni ó túbọ̀ ń jìnnà sí ẹni tí gọ́tà ń ṣàn kọjá ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀. A kò gbàgbọ́ pé Àkúrẹ́ tàbí Oǹdó yóò mọ́ títí ìgbálẹ̀ yóò fi padà sí àdúgbò, àti sí ọwọ́ àwọn tí àdúgbò mọ̀ ní olórí.

Ẹ jẹ́ kí a rántí bí ó ti rí. Ní ayé àwọn baba wa, olórí àdúgbò a rán agogo jáde ní alẹ́. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin a mú àdá, wọn a yẹ ọ̀nà odò àti ọ̀nà oko; àwọn obìnrin a gbá ojú ọjà kí ẹnikẹ́ni tó pàtẹ. Ẹni tí kò bá jáde, ẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò dá a lẹ́jọ́, kì í ṣe àlejò. Adìẹ tàbí ewúrẹ́ rẹ̀ a sì bá ẹjọ́ náà lọ. Ìsun omi tí a ń mu ní òfin tirẹ̀: a kì í fọ aṣọ ní òkè ibi tí a ti ń pọnmi, a kì í sì í fi ìkòkò tí èéfín ti sọ di dúdú bọ inú rẹ̀. Àwọn kan lónìí ń pe èyí ní ìbọ̀rìṣà. Kí wọ́n máa pè é bẹ́ẹ̀. Omi náà mọ́.

Ní Oǹdó, ọ̀rọ̀ ọjà tún ní ìdí tí ó jinlẹ̀ ju èyí lọ. Ìtàn sọ fún wa pé obìnrin, Púpupú, ni ó kọ́kọ́ jọba níbẹ̀. Nígbà tí adé bọ́ sí ọwọ́ ọkùnrin, a kò lé obìnrin kúrò nínú ìṣàkóso ìlú: Lóbùn ni olórí àwọn obìnrin, òun àti àwọn ìjòyè rẹ̀ ni wọ́n ń bọ Ajé, a kì í sì í dá ọjà titun sílẹ̀ láìsí ọwọ́ rẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tí a bá fẹ́ fi Òṣemàwé jẹ, iṣẹ́ Lóbùn wà nínú ètò náà tí ẹlòmíràn kò lè ṣe. Ẹni tí ó ni agbára láti ṣí ọjà ni ó ni agbára láti sọ bí ọjà yóò ti rí. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa rò ó, a kò sì rí àléébù nínú ìrònú náà.

Ṣùgbọ́n a kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé a ń sọ pé ohun gbogbo ni ó dára nígbà náà. Ẹrú àti ìwọ̀fà ni ó ṣe èyí tí ó le jù nínú iṣẹ́ ìlú. Àrùn pa ọ̀pọ̀ ọmọ wa tí ìmọ̀ òde òní ì bá gbà là. Ààtàn sì ń bẹ ní ẹ̀yìnkùlé gbogbo ilé. Kí ni a wá rí lórí ààtàn náà? Èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, eérú, ewé tí a fi pọ́n ẹ̀kọ, igbá fífọ́. Kò pẹ́ púpọ̀, gbogbo rẹ̀ a ti di ilẹ̀ dúdú, ìyá àgbà a sì gbin tẹ̀tẹ̀ àti ìlá sí i. Ọ̀rá tí a fi ń di omi tà lónìí kì í jẹrà bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí ó mu omi náà yóò dàgbà, yóò bímọ, yóò kú, ọ̀rá náà yóò sì wà nínú ilẹ̀. Nítorínáà, kí á má ṣe fi àwọn baba wa yangàn jù. Kì í ṣe pé wọ́n mọ́ jù wá lọ. Ìdọ̀tí wọn ni ó sàn ju tiwa lọ.

Ní 1915 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá Ẹkùn Oǹdó sílẹ̀, wọ́n sì fi Àkúrẹ́ ṣe olú ìlú rẹ̀. Àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé káàkiri bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní 1924, ó sì pa ènìyàn fún ọdún mélòó kan. Ní ìgbà wọ̀nyẹn ni gbogbo ilẹ̀ Yorùbá mọ wolé-wolé, ọkùnrin tí ó ń fi ọ̀pá tọ́ inú gọ́tà, tí ó ń ṣí ìdérí àmù wò bóyá tanwíjí wà nínú rẹ̀, tí ó sì ń kọ orúkọ onílé sí inú ìwé fún ilé ẹjọ́. A kò ní bú wolé-wolé. Òun ni ó kọ́ wa láti gbẹ́ ṣálángá, òun ni ó kọ́ wa láti má fi omi sílẹ̀ láìbò. Ṣùgbọ́n ohun méjì ni ó tẹ̀lé e wọlé tí a kò tètè rí. Àkọ́kọ́ ni pé ìmọ́tótó di ohun tí a ń ṣe nígbà tí wolé-wolé bá ń bọ̀. Àwọn ọmọdé a sáré ṣíwájú rẹ̀ láti kìlọ̀ fún ìyá wọn, ìyá a gbé ìgbálẹ̀, wolé-wolé a kọjá, ìgbálẹ̀ a padà sí igun ilé. Èkejì ni pé ìjòyè tí ó ti jẹ́ olórí iṣẹ́ náà di ẹni tí ó ń jókòó ní kóòtù láti gba owó ìtanràn lọ́wọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀. Àwọn ènìyàn a máa bẹ̀rù rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò jáde tẹ̀lé e mọ́.

Àwọn ṣọ́jà wá mú ìgbálẹ̀ náà. Ní oṣù keje ọdún 1985, ìjọba Ọ̀gágun Muhammadu Buhari àti igbákejì rẹ̀, Tunde Idiagbon, fi ìmọ́tótó àyíká kún ogun tí wọ́n ń bá ìwà àìlétò jà. Ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí ni ẹ rántí Sátidé tí ó kẹ́yìn oṣù: kò sí ọkọ̀, kò sí ọjà, a ti ilẹ̀kùn ìlú pa, olúkúlùkù ń gbá ilẹ̀. Ìlú mọ́ nígbà náà, kí á má purọ́. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù kì í pẹ́ kí ó tó gbó. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, Sátidé náà di ọjọ́ oorun, tàbí ọjọ́ tí àwọn ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù lórí títì tí kò sí ọkọ̀, tí gọ́tà sì ń wò wọ́n. Ní 2015, ilé ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀ ní Èkó dá ẹjọ́ pé kò sí òfin kan ní ìpínlẹ̀ náà tí ó fún ẹnikẹ́ni ní agbára láti sé ọmọ ìlú mọ́lé nítorí gbígbá ilẹ̀. Nígbà tí ó di 2016, ìjọba Èkó fi ìsémọ́lé náà sílẹ̀.

A dé ọ̀dọ̀ àwọn gómìnà. Níhìn-ín ni ó yẹ kí a fara balẹ̀, nítorí pé a rí ẹni tí ó ṣiṣẹ́. Olóyè Olúṣẹ́gun Àgágù, tí ó ti kọ́ni nípa ilẹ̀ àti òkúta ní Yunifásítì Ìbàdàn kí ó tó wọ òṣèlú, ni ó wà ní ipò nígbà tí a dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní ọ̀nà Igbatoro ní Àkúrẹ́ ní 2006. Èrò tí ó wà nínú iṣẹ́ náà dára púpọ̀. Ìdọ̀tí ìlú yóò dé ibẹ̀, a ó ṣà á. Èyí tí ó lè jẹrà, a ó sọ ọ́ di ajílẹ̀ fún àgbẹ̀. Ike àti irin, a ó yà wọ́n sọ́tọ̀ kí a lè tún fi wọ́n ṣe ohun mìíràn. Ìyá àgbà tí ó gbin tẹ̀tẹ̀ sí orí ààtàn ì bá mọ iṣẹ́ náà bí ó bá rí i. Àfi pé ẹ̀rọ ni ó wà níbẹ̀ dípò ọkọ́. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Dókítà Olúṣẹ́gun Mímikò, ọmọ Oǹdó, gba ìjọba ní 2009. Òun náà kọ́ ọjà, ó sì ní èrò kan tí a fẹ́ràn: pé kí àwọn ará àdúgbò fúnra wọn jókòó, kí wọ́n sọ iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ kí ìjọba ṣe fún wọn, kì í ṣe kí ìjọba máa rò ó fún wọn.

Kí ni ó wá kù? Ohun tí ó kù ni pé ọdún 4 ni a ń fún gómìnà, bí ó bá sì pọ̀ jù, 8. Ìdọ̀tí kì í sì í dúró de ìdìbò. Gómìnà tí ó dé a máa ní iṣẹ́ tirẹ̀ tí ó fẹ́ kí a fi rántí òun, iṣẹ́ ẹni tí ó lọ a sì di ọmọ òrukàn. Ohun mìíràn tún wà. Ọkọ̀ akódọ̀tí kò lè wọ inú àwọn àdúgbò wa àtijọ́, níbi tí a ti kọ́ ilé fara kan ilé kí ẹnikẹ́ni tó rí mọ́tò rí. Etí títì ni ó ń dúró sí. Láti ẹnu ọ̀nà ìyá arúgbó kan ní àárín agbo ilé dé etí títì náà, kò sí gómìnà níbẹ̀, kò sí ẹ̀rọ níbẹ̀. Ọ̀nà kékeré yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa wà. Bí ìdọ̀tí kò bá kọjá níbẹ̀, ilé iṣẹ́ tí ó wà ní ọ̀nà Igbatoro ìbáà jẹ́ ti wúrà, gọ́tà ni yóò jogún ìdọ̀tí náà, gọ́tà yóò sì fi í fún odò Àlà.

Àwọn kan lè rò pé ọ̀rọ̀ ẹwà ìlú ni a ń sọ. Ẹ̀mí ènìyàn ni a ń sọ. Ìpínlẹ̀ Oǹdó, pẹ̀lú Ẹdó àti Bauchi, ni ó ń wà ní iwájú ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí nínú iye àwọn tí ibà Lassa ń mú ní Nàìjíríà. Ìlú Lassa ní ilẹ̀ Borno ni a ti kọ́kọ́ mọ àrùn náà ní 1969, ibẹ̀ ni ó sì ti gba orúkọ. Eku ni ó ń gbé e. Eku náà a tọ̀, a sì yàgbẹ́ sí orí gàrí tí a sá sí etí ọ̀nà, sí orí oúnjẹ tí a kò bò. Ẹni tí ó bá jẹ ẹ́ tàbí tí ó fi ọwọ́ kàn án lè kó o, ẹni tí ó ń tọ́jú aláìsàn náà lè kó o pẹ̀lú. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ó máa ń le jù. Ọ̀pọ̀ aláìsàn ni a ń gbé lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ ní Ọ̀wọ̀, ní Nàìjíríà yìí sì ni dókítà àti nọ́ọ̀sì ti ń kú lẹ́nu ìtọ́jú wọn. Kí ni eku ń wá ní ilé wa? Ohun tí a dà sí ẹ̀yìn ilé ni ó kọ́kọ́ pè é, lẹ́yìn náà ni ó rí ọ̀nà yàrá. Eku kì í sì í bèèrè bóyá ilé ìjòyè ni ó wọ̀ tàbí ilé aláàárù.

Ní ti omi, àwọn ará Ìbàdàn ti san owó ẹ̀kọ́ náà fún gbogbo wa. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, odò Ògùnpa, tí a ti kọ́lé sún mọ́ jù, tí a sì ti fi ìdọ̀tí dí lọ́fun, kún bo ìlú. Ó ju 100 ènìyàn lọ tí ó kú. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, àgbàrá tún dé, ó sì tún ju 100 ènìyàn lọ tí ó bá a lọ. Ọdún 31 ni ó wà láàárín méjèèjì. Nígbà tí a bá dúró lórí afárá lórí odò Àlà, tí a rí ilé tí ó ń tẹ̀ síwájú díẹ̀díẹ̀ sí etí omi, àti ọ̀rá tí ó so mọ́ gbogbo ẹ̀ka igi, Ògùnpa ni a ń rí.

Láti Ìbàdàn kan náà ni a ti lè kọ́ ohun rere. Ọ̀jọ̀gbọ́n M. K. C. Sridhar, ọmọ ilẹ̀ Íńdíà tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ni ní Yunifásítì Ìbàdàn, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, wo òkìtì ìdọ̀tí ọjà Bódìjà, wọ́n sì rí i pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ni ohun tí oko lè jẹ. Láti inú ìmọ̀ yìí ni ilé iṣẹ́ ajílẹ̀ kan ti jáde níbẹ̀. Joseph Adélégàn ní tirẹ̀ wo ẹ̀jẹ̀ àti ìgbẹ́ màlúù tí ó ń ṣàn láti ilé ìpẹran Bódìjà lọ sí inú odò, ó sì ṣètò bí a ó ti sọ ọ́ di gáàsì. Ètò náà gba ẹ̀bùn SEED lọ́wọ́ àwọn àjọ àgbáyé ní 2005. Àwọn wọ̀nyí ni a ń pè ní aṣáájú: ẹni tí ó lọ dúró sí ibi tí ó ń rùn, tí ó wò ó dáadáa, tí kò sì kàn di imú. Ọjà Erékèsán àti ọjà Odòjọ̀mù kò yàtọ̀ sí Bódìjà. Ewé, èso bíbàjẹ́, èèpo àgbàdo àti ti ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń dà nù jù. Àgbẹ̀ kan ní ọ̀nà Ìdànrè ń fi owó ra ajílẹ̀ nígbà tí ọjà tí ó ti ń ta iṣu rẹ̀ ń san owó kí a bá òun gbé ajílẹ̀ jù nù.

A tún rí ohun kan ní òkèèrè tí ó yà wá lẹ́nu. Ní Rwanda, Sátidé tí ó kẹ́yìn oṣù náà ni wọ́n ń fi ṣe iṣẹ́ ìlú, ọjọ́ kan náà gan-an tí àwọn ṣọ́jà tiwa yàn. Umuganda ni wọ́n ń pè é. Orúkọ àtijọ́ ni, èyí tí ìjọba ti bàjẹ́ nígbà kan rí nípa fífi ipá mú ènìyàn. Lẹ́yìn ìpakúpa ọdún 1994 ni wọ́n tún un gbé dìde ní 1998. Ní 2008 wọ́n fi òfin lé ọ̀rá jáde kúrò ní ilẹ̀ wọn. Òfin wà ní ẹ̀yìn umuganda, a mọ̀, a sì lè gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ẹni tí kò jáde. Ṣùgbọ́n abúlé ni iṣẹ́ náà ti ń bẹ̀rẹ̀: olórí àdúgbò ni ó ń pe àwọn tí ó mọ̀ ní orúkọ, wọ́n a jọ ṣiṣẹ́, lẹ́yìn iṣẹ́ wọ́n a jókòó papọ̀ láti sọ̀rọ̀ nípa ìlú wọn. Tiwa pàṣẹ kí olúkúlùkù wọ ilé rẹ̀ lọ. Tiwọn pàṣẹ kí olúkúlùkù jáde wá. Ẹni tí ó bá mọ ìwà àwọn baba wa yóò mọ èyí tí ó jọ tiwa nínú méjèèjì.

Ẹnìkan yóò sọ pé àwọn ìjòyè kò ní agbára mọ́. Òótọ́ ni ní ọ̀nà kan. Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 fi kíkó ìdọ̀tí sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀, kò fi í sí ọwọ́ ọba tàbí ìjòyè. Ìjòyè kò ní ọlọ́pàá, kò ní ọkọ̀, kò sì ní owó orí láti gbà. A kò bẹ̀bẹ̀ pé kí a gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù Àkúrẹ́ tàbí ti Ìwọ̀-oòrùn Oǹdó. Ọkọ̀ wọn ni kí ó máa dúró sí etí títì. Ohun tí a ń bèèrè ni ta ni yóò mú ìdọ̀tí náà dé etí títì.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ojú gbogbo ènìyàn ń rí ní Àkúrẹ́. Nígbà tí ọdún Aheregbe bá dé, Déjì a sọ pé kí ọjà àti ìsọ̀ wà ní títì, a sì tì wọ́n. Kò sí ìwé òfin tí ó sọ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ìlú a dákẹ́. A mọ̀ pé àwọn oníṣòwò kan tí wọ́n wá láti ibòmíràn ti ń kùn sí i, wọ́n sọ pé ọdún náà kì í ṣe tiwọn. Kí olúkúlùkù ro ohun tí ó fẹ́ nípa ìyẹn. Ṣùgbọ́n gọ́tà kò ní ẹ̀yà, kò sì ní ẹ̀sìn. Ọba tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè ti ọjà fún ìsìn àwọn baba rẹ̀, kò ha lè ní kí ọjà má ṣí ní òwúrọ̀ kan nínú oṣù títí iwájú ìsọ̀ kọ̀ọ̀kan yóò fi mọ́? Ọba Aládétóyìnbó, tí ó gorí ìtẹ́ ní 2015, ni ìbéèrè yìí kàn jù, a sì fi ìdọ̀bálẹ̀ gbé e síwájú Kábíyèsí.

Ní Oǹdó, ọ̀nà tilẹ̀ tẹ́jú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọba Adésímbọ̀ Kíládéjọ, tí a yàn ní 2006, oníṣègùn ni. Kò sí ìdí fún ẹnikẹ́ni láti ṣàlàyé ibà Lassa fún un. Lóbùn wà fún ọ̀rọ̀ ọjà. Nígbà ọdún Èkìmògún, àwọn ọmọ Oǹdó ń ti Èkó, Àbújá àti ìlú òyìnbó wá sílé, wọ́n ń dá owó fún iṣẹ́ ìlú, ọwọ́ wọn kì í sì í há. A fẹ́ rí ọdún kan tí a ó dá owó, kì í ṣe fún ilé ńlá tí a ó kọ orúkọ sí iwájú rẹ̀, bí kò ṣe fún ọmọlanke, ọkọ́, ìbọ̀wọ́ àti owó oṣù àwọn ọ̀dọ́ tí yóò máa ti ọmọlanke náà láti inú agbo ilé dé etí títì. A mọ̀ pé kò sí ẹni tí yóò fẹ́ kí a ya fọ́tò òun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọlanke. Síbẹ̀ iṣẹ́ tí ó kù náà nìyẹn.

Bí a bá bi wá pé báwo ni a ó ti bẹ̀rẹ̀, a ó sọ pé kí a bẹ̀rẹ̀ ní ọjà, nítorí pé ibẹ̀ ni ìdọ̀tí ti pọ̀ jù, ibẹ̀ náà sì ni olórí ti ṣì ní ọmọ ẹ̀yìn. Òkìtì méjì ni kí ó wà, ọ̀kan fún ohun tí oko lè jẹ, ọ̀kan fún ọ̀rá àti ike. Ìyálọ́jà kọ̀ọ̀kan mọ àwọn tí ó ń ta ẹ̀fọ́ lábẹ́ rẹ̀ ní orúkọ, ó mọ ẹni tí ó ń da tirẹ̀ sí gọ́tà ní alẹ́. Wolé-wolé kò mọ̀ ọ́n, ṣọ́jà kò mọ̀ ọ́n, gómìnà kò sì lè mọ̀ ọ́n láéláé. Láti ọjà kí ó bọ́ sí àdúgbò kan tàbí méjì tí ó wà létí odò. Kí ìjòyè àdúgbò náà fúnra rẹ̀ jáde ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, kí ó mú ọkọ́ dání. Kò pọn dandan kí ó fi í gbẹ́ ilẹ̀ pẹ́, nítorí pé ọjọ́ orí wà, ṣùgbọ́n kí a rí i lọ́wọ́ rẹ̀. Ìjòyè tí ó bá rán ọmọ rẹ̀ wá dípò ara rẹ̀, àwọn ènìyàn náà yóò rán ọmọ wọn, ọmọ wọn yóò sì rán àbúrò rẹ̀.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí a dá àwọn ìjòyè nìkan lẹ́bi. Ní ìparí ìpàdé ẹgbẹ́ wa tí ó kọjá, níbi tí a ti sọ̀rọ̀ dídùn fún wákàtí 3 nípa ògo ilẹ̀ Yorùbá, a dìde, a kí ara wa, a sì fi ọ̀rá omi sílẹ̀ lábẹ́ gbogbo àga. Obìnrin tí ó ń gbá gbọ̀ngàn náà kò sọ ohun kan. Ó kàn wò wá bí a ti ń fi agbádá nà kọjá lára rẹ̀, ó sì tẹ̀ ba láti máa ṣà wọ́n. Ojú tì wá, a sì pinnu níbẹ̀ pé a kò ní pín omi inú ọ̀rá mọ́ ní ìpàdé wa. Àmù àti ife ni a ó máa lò, kí ẹni tí ó bá fẹ́ ife tirẹ̀ mú un wá láti ilé.

Láti oṣù tí ń bọ̀ lọ, a ó máa tẹ orúkọ àdúgbò tàbí ọjà tí ó bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí sí ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé yìí, ní Àkúrẹ́ àti ní Oǹdó, pẹ̀lú orúkọ oyè ẹni tí ó pe àwọn ènìyàn jáde. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa 2 yóò kọ́kọ́ lọ fi ojú rí i, nítorí pé a kò fẹ́ ìròyìn láti ẹnu. Ẹ̀ẹ̀rùn kò jìnnà mọ́. Ìjòyè tí ó bá fẹ́ kí tirẹ̀ ṣíwájú, kí ó fi ìwé ránṣẹ́ sí akọ̀wé wa kí oṣù yìí tó parí, kí ó sì sọ òwúrọ̀ tí ó yàn, kí a lè mú ọkọ́ tiwa dání wá.